Igun Aṣọ Tí Agùntáṣọọ́lò Ń Nà Sí Ẹ̀gbọ́n Mi

Ó ti pẹ́ tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti jọ ń ṣiṣẹ́ nílé ìfọṣọ tó ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì fún àwọn ilé ìwòsàn. Èmi ń gba aṣọ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi ń ká a ní yàrá ẹ̀yìn, níbi tí ooru ẹ̀rọ ti ń yan ènìyàn. Tí a bá fi máa délé, á ti rẹ̀ wọ́n tẹnutẹnu, wọn kì í bá mi sọ gbólóhùn kan.

Róbọ́ọ̀tì ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Agùntáṣọọ́lò la sọ ọ́, nítorí gíga rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi á di igun aṣọ méjì mú, òun náà á di méjì mú. Wọ́n á gbọn ọ́n, wọ́n á sì rìn pàdé ara wọn láàárín yàrá. Ibi tí wọ́n bá ti pàdé ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń sọ tinú wọn: ẹ̀yìn tó ń ro wọ́n, ọkọ wọn tó kú, ọmọ tí kì í pè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà wo lẹ máa mú àfẹ́sọ́nà yín wálé ká rí i?" ni mo máa ń fi dá wọn lápàárá.

Wọ́n á ní kí n máa bá tèmi lọ. Kí n má parọ́, mo ń jowú irin.

Nígbà tó yá, ọ̀gá wa sọ pé iṣẹ́ ń falẹ̀, ó sì pe ẹni tó ń tún róbọ́ọ̀tì ṣe. Ọkùnrin náà wò wọ́n títí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, kí lẹ ń bá a dì mú? Ó lè dá a ká fúnra rẹ̀."

"Ọjọ́ tó dé ló ti na igun méjì sí mi," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Mo rò pé kò lè dá a ṣe ni. Ṣebí àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà." Wọ́n yíjú sí Agùntáṣọọ́lò. "Ṣé o mọ̀ pé o lè dá a ká?"

"Mo mọ̀, mà."

"Kí ló wá dé?"

"Tí mo bá dá a ká, ẹ ò ní rìn wá sọ́dọ̀ mi."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu ọkùnrin náà. Ọ̀gá ní kó pa gbogbo ohun tó wà nínú róbọ́ọ̀tì náà rẹ́, kó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ ẹ́. Èmi náà bẹ̀ ẹ́, èmi tí mo ń jowú.

"Màmá, ẹ̀rọ ni," ni ọ̀gá wí. Ọkùnrin náà tẹ róbọ́ọ̀tì náà lẹ́yìn ọrùn, ojú rẹ̀ kú, ó sì tún tàn.

Lọ́jọ́ kejì, ó ń dá aṣọ ká wàràwàrà. Ọ̀gá gbé àpótí fún ẹ̀gbọ́n mi kí wọ́n jókòó máa rán bọ́tìnnì tó já mọ́ aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì. Ìsinmi tí ẹ̀yìn wọn ń wá ló dé yẹn. Wọ́n jókòó díẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n fa aṣọ kan yọ, wọ́n sì na igun méjì sí i.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Mo lè dá a ká."

"Mo mọ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Gbà á."

Ó gbà á. Wọ́n gbọn aṣọ náà, ẹ̀gbọ́n mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, tàwọn tẹ̀yìn tó ń ro wọ́n.