Òtútù Ń Mú Ọmọ Mi ní Maiduguri

Bí mo bá pe ọmọ mi lórí fóònù, n kì í kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà. Ohun tí mo máa ń béèrè ni pé, "Ṣé ooru ń mú ọ?" Bí ó bá ní ó ń mú òun, ọkàn mi á balẹ̀, a ó wá kí ara wa bí ọmọlúàbí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì rò pé orí mi ti ń dàrú díẹ̀díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ìbéèrè náà ti wá.

Nígbà tí ọmọ mi obìnrin náà bí àkọ́bí rẹ̀, mo wọkọ̀ láti Òṣogbo lọ sí Maiduguri láti lọ wẹ ọmọ. Báńkì ni ọkọ rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́, àwọn ló gbé e lọ síbẹ̀, àdúgbò Lamisula sì ni wọ́n ń gbé. Kí n tó dé ni wọ́n ti sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ dà púpọ̀ lára rẹ̀ lẹ́yìn tí ọmọ jáde, pé ó dákú, pé wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára kí ó tó lajú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ náà. Ìyá wà láàyè, ọmọ ń ké, kí ni mo tún fẹ́ máa ro ẹ̀jẹ̀ tó ti dànù sí?

Kí n tó sọ ẹrù kalẹ̀, ìyá Kanuri kan tó ń gbé nílé kejì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Nílẹ̀ wọn, ogójì ọjọ́ ni ìyá ọmọ tuntun fi ń wẹ omi gbígbóná. Kì í kúkú ṣe irú omi gbígbóná tí àwa mọ̀. Omi tó ń hó ni. Wọ́n á ki ẹ̀ka dongoyárò bọ̀ ọ́, wọ́n á sì máa fi ewé náà na ìyá ọmọ lẹ́yìn. Bí ìyẹn bá parí, ó kan aṣọ nínípọn, ẹyin iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, àti kúnú tí wọ́n fi káún sí. Ìyá Kanuri náà ní bí sanyi bá wọ ìyá ọmọ lára, kò ní jáde mọ́. Sanyi ni òtútù. Lẹ́yìn sannu tí wọ́n fi ń kí ènìyàn, òun ni ọ̀rọ̀ Hausa tí mo kọ́kọ́ mọ̀.

Mo bá a jà. Mo ní àwa náà máa ń fi omi gbígbóná jó ìyá ọmọ, ṣùgbọ́n a kì í sè é. Yorùbá ni mo fi sọ ọ́, Hausa ló fi dá mi lóhùn, a sì gbọ́ ara wa yékéyéké.

Ọmọ mi ló pẹ̀tù sí mi nínú. Ó ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, Màmá. Omi yẹn ń tù mí lára." Bí wọ́n bá gbé iná wọlé, yóò sún mọ́ ọn. Bí wọ́n bá da aṣọ bò ó, yóò tún béèrè òmíràn. Ìyá náà ń yìn ín káàkiri àdúgbò pé kò sí ìyá ọmọ tó gbọ́ràn tó o, àti pé ọmọ Yorùbá sì ni. Inú bí mi díẹ̀, nítorí èmi tí mo bí i kò rí irú ìgbọràn bẹ́ẹ̀ rí.

Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà náà, gbogbo ayé ló ń gbọ̀n, a kò rí nǹkan kan fura sí. Ọmú tí kò wá ló yẹ kí ó là wá lójú. A fún un ní ọbẹ̀ ẹja gbígbóná, a fún un ní kúnú, mo fi aṣọ gbígbóná jó ọmú náà títí ọwọ́ fi ń ta mí. Ẹ̀kán kan kò jáde. Ìyá náà ní ìpayà ìbímọ ló lé wàrà sá, èmi ní àárẹ̀ ni. Ọkọ rẹ̀ ra mílíìkì alágolo, ọmọ ń mu ún, ó ń sanra, a sì gbàgbé ìyẹn náà.

Ogójì ọjọ́ pé. Àwọn ìyá ọmọ yòókù ládùúgbò bọ́ aṣọ nínípọn sọnù bí ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Tèmi kò kúrò nídìí iná. Ọyẹ́ lọ, ooru dé, irú èyí tí í mú kí ògiri gbóná dàárọ̀. Èmi a tẹ́ ara mi sórí táìlì ilẹ̀, aṣọ tútù lórí àyà mi. Ọmọ mi a jókòó sínú yàrá kan náà pẹ̀lú súwẹ́tà àti ìbọ̀sẹ̀, a ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ojú rẹ̀ wú, ohùn rẹ̀ nípọn, ó ń fa ọ̀rọ̀. Mo máa ń bá a ṣe yẹ̀yẹ́ kí ó lè rẹ́rìn-ín, yóò kàn wò mí bí ẹni tó ń gbọ́ mi láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀rù wá bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Mo ti ní kí n padà sílé, n kò lè lọ.

Ẹni tó ń ta oògùn ní ibà ni, ó ní ẹ̀jẹ̀ kò tó. A ra oògùn ibà, a ra oògùn ẹ̀jẹ̀. Ìyá Kanuri ní èmi ni mo jẹ́ kí sanyi wọlé, nítorí mo ti fi ẹnu ba omi náà jẹ́. Mo ní omi rẹ̀ ló se ọmọ mi bí ẹran. Àwa méjèèjì ń jà lórí omi, ọmọ mi sì ń kú lọ láàárín wa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ tí ọmọ ọwọ́ ń ké tí ẹnikẹ́ni kò gbé e. Mo wọlé. Ojú ìyá rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí mi. Mo fọwọ́ kàn án, ó tutù bí omi inú àmù. Èmi di orí rẹ̀ mú, ìyá Kanuri di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, a gbé e sínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, a forí lé ilé ìwòsàn. Ọkọ rẹ̀ sáré bá wa níbẹ̀, táì ọrùn rẹ̀ ti yí sí ẹ̀yìn.

Wọ́n ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ náà ti wálẹ̀. Wọ́n fa omi sí i, ojú rẹ̀ sì mọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni dókítà obìnrin kan dé. Àtọ̀gbẹ, gẹ̀gẹ̀ àti irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni a jọ sọ, ṣùgbọ́n Màmá ló ń pè mí.

"Màmá, ṣé ẹ̀jẹ̀ dà púpọ̀ nígbà ìbímọ?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé ọmú wá?"

Mo ní kò wá.

"Ṣé ó ti rí nǹkan oṣù rẹ̀ láti ìgbà náà?"

Ọmọ mi mi orí pé rárá. Dókítà gbé apá rẹ̀ sókè, ó wo abíyá rẹ̀. Ó ń dán bí ti ọmọdé. Ó béèrè bóyá ó fá a ni. Ọmọ mi ní òun kò fọwọ́ kan abẹ láti ìgbà tí òun ti lóyún.

Ó wá ṣàlàyé fún wa. Ó ní kókó kékeré kan wà lábẹ́ ọpọlọ, kò ju ẹ̀wà lọ, òun ló ń rán àwọn kókó yòókù nínú ara níṣẹ́: èyí tó ń mú ara gbóná, èyí tó ń pe ọmú, èyí tó ń gbé ènìyàn dúró nígbà àìsàn. Bí obìnrin bá lóyún, ó máa ń tóbi sí i. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dà jù lásìkò ìbímọ, ebi ẹ̀jẹ̀ lè pa á. Ti ọmọ mi ti kú. Òtútù tí à ń yìn ín fún, àìsàn ni.

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, wọ́n ní ìlú mìíràn ni wọ́n ó fi ránṣẹ́ sí. Dókítà kò dúró de èsì. Ó bẹ̀rẹ̀ oògùn kan tí yóò gbé e dúró, ó ní òmíràn ń bọ̀ tí yóò mú ara rẹ̀ gbóná, ṣùgbọ́n bí ìyẹn bá ṣáájú, ó lè pa á. Láti ìgbà náà, nọ́ọ̀sì kankan kò lè gbé ife oògùn kọjá kí n má béèrè èwo ni. Wọ́n sú mi, mo sú wọn.

Èmi àti ìyá Kanuri jọ jókòó sórí ẹní lábẹ́ dongoyárò inú ọgbà náà. A kò ní ìjà lára mọ́. Ó kàn ń sọ pé, "Da na sani." N kò bi ẹnikẹ́ni ní ìtumọ̀ rẹ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, kò sí èdè tí wọn kì í ti í sọ ọ́.

Dókítà bẹ ọmọ mi kí òun lè fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ kún ti àwọn obìnrin mìíràn tí òun ń kó jọ láti ṣèwádìí. Ó fẹ́ kí àwọn agbẹ̀bí mọ̀ pé níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń mú kí ìyá ọmọ yáná, òtútù kò ní fara hàn. Ọmú ni kí wọ́n béèrè. Ó ní òun kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọmọ mi gbà. Ìdí nìyẹn tí èmi náà kò fi dárúkọ ẹnikẹ́ni níbí.

Nígbà tó yá, wọ́n ní ká máa lọ sílé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń ṣa ẹ̀wà, mo rí i tí ọmọ mi fa súwẹ́tà yọ. Ó ní, "Màmá, ilé yìí gbóná o. Ẹ bá mi ṣí fèrèsé." Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún kíkan. Ìyá Kanuri fò wọlé, ó rò pé ọmọ mi ti kú.

Oògùn náà kò ní òpin. Bí ibà bá mú un, ó gbọ́dọ̀ sọ oògùn àkọ́kọ́, èyí tó ń gbé e dúró, di ìlọ́po méjì. Bí ó bá gbàgbé rẹ̀, a tún lè padà síbi tí a ti ń bọ̀. Mo padà sí Òṣogbo, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò tẹ̀lé mi délé.

Ọyẹ́ ọdún tó tẹ̀lé e dé. Mo pè é, mo béèrè ìbéèrè mi.

"Rárá o, Màmá. Òtútù ń mú mi."

Mo bi í bóyá ó ti lo oògùn rẹ̀.

"Mo ti lò ó. Ọyẹ́ ni, Màmá. Gbogbo Maiduguri ló ń gbọ̀n."

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa ń sọ tẹ́lẹ̀ pé kò sí nǹkan kan. N kò gbà á gbọ́. Mo ní kí ó gbé fóònù fún ìyá Kanuri. Mo gbọ́ bí ó ṣe ń wọ́ bàtà bọ̀.

"Mama," ó ní, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, "sanyi ake yi. Ni ma ina jin sanyi."

Òun náà, òtútù ń mú un; ọyẹ́ ni lóòótọ́. Mo ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ìgbà náà ni mo tó wá ibì kan jókòó sí.