Fèrè Idẹ Mẹ́rin fún Gbogbo Ìlú

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wà nínú ilé mi ní Àgọ́-Ìwòyè tó ń fọn fèrè idẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà. Yàrá ẹ̀yìn ló gbà. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń múra de ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó fọn ohùn kan ṣoṣo, ó dúró, ó tún un fọn. Ìwé ìròyìn tí mò ń kà bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ mi, n kò sì mọ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Àbí ariwo mi ti pọ̀ jù?"

"Kò pọ̀. Máa fọn ún."

N kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu mi. Ohun tí n kò lè sọ fún un ni mo jókòó kọ yìí, fún àwọn ọmọ òde òní tí wọ́n rò pé láti ìgbà tí ilé ìwé ti wà ni fèrè ti wà níbẹ̀.

Mo pẹ́ kí n tó wọ ilé ìwé. Iṣẹ́ gẹdú ni bàbá mi ń ṣe, inú igbó la sì máa ń gbé. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá kí ìyá mi tó fà mí lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Atíkòrí, nínú Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ mọ̀ pé nígbà náà, wọn a ní kí ọmọ gbé ọwọ́ kọjá lórí kó fi kan etí kejì, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó tó í wọ ilé ìwé. Ọwọ́ tèmi kọjá etí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èjìká. Olùkọ́ tó ń kọ orúkọ wò mí, ó wo ìyá mi, ó ní, "Ìyá, ṣé ọmọ lẹ mú wá ni àbí olùkọ́?"

Nínú kíláàsì, àwọn ọmọ tí orí wọn kò ga ju ìbàdí mi lọ ni wọ́n ń kọ́ mi ní kíkà. Ojú máa ń tì mí. Ibì kan ṣoṣo ni ojú kò ti í tì mí, ìyẹn ni báńdì. Nítorí pé mo síngbọnlẹ̀, èmi ni wọ́n gbé ìlù ńlá fún. Bí mo bá gbé e kọ́ àyà, gbogbo ẹsẹ̀ kéékèèké wọ̀nyẹn a dúró de ọwọ́ mi. Bí mo bá lù ú, wọn a rìn. Bí mo bá dáwọ́ dúró, wọn a dúró.

Báńdì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé agbègbè wa ni nígbà náà. Kó tó dé, irin àgbá ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ igi máńgòrò la fi ń pe ara wa jọ, orin ẹnu lásán la sì fi ń wọ kíláàsì. Ọkùnrin méjì ló mú báńdì dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀kan ni olùkọ́ wa tí gbogbo ìlú ń pè ní Tísà Onífèrè, ọmọ Awà, ìlú kan nítòsí wa, Aládùúrà paraku. Ó kéré, ó tín-ín-rín, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ìkejì wà ní ilé ìwé kan ní Òkè-Àgbò, àdúgbò mìíràn nínú Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó ti bá àwọn ológun fọn fèrè rí, bàtà rẹ̀ ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè rí eyín wa nínú rẹ̀. Ṣájẹ́ńtì la ń pè é. Lójú wa, kò sí gómìnà tó tó àwọn méjèèjì.

Lọ́dọọdún, ilé ìwé mẹ́ta máa ń figa gbága ní pápá Òkè-Àgbò: àwa, àwọn Ṣájẹ́ńtì, àti ilé ìwé kan láti Awà. Àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun ti fi fèrè idẹ mẹ́rin ránṣẹ́. Mẹ́rin péré, fún gbogbo ìlú. Àwọn àgbà bá ṣòfin: ilé ìwé tó bá borí ni yóò tọ́jú fèrè náà títí di ọdún tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ ìdíje, àwọn tí fèrè wà lọ́wọ́ wọn yóò kọ́kọ́ fọn ún, wọn yóò sì gbé e fún ilé ìwé tó kàn. Ohun èlò kan náà ni gbogbo wa yóò lò, kí ẹnikẹ́ni má baà rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Gbogbo ìlú pàtẹ́wọ́ fún ọgbọ́n yìí. Kò sẹ́ni tó rántí pé ẹni tí fèrè bá sùn sí ilé rẹ̀ ni yóò mọ̀ ọ́n fọn. Ọdún mẹ́ta ni fèrè fi wà ní Òkè-Àgbò.

Kí ni Tísà Onífèrè wá fi kọ́ wa? Ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ. Ẹ mọ̀ pé ihò wà nínú rẹ̀. Yóò gé orí, yóò gé ìdí, yóò ní kí ọmọ pa ètè pọ̀ kó sì fọn ún. Ọ̀pá gígùn a dún nísàlẹ̀, kúkúrú a dún lókè. Ọmọ mẹ́rin, ọ̀pá mẹ́rin, olúkúlùkù pẹ̀lú ohùn tirẹ̀: dò, mí, sò, àti dò ti òkè. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá kàn a fọn, a sì dákẹ́ fún ẹnì kejì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pín orin láàárín ara wọn bí ẹni ń ju òkò síra wọn lọ́wọ́. Ọ̀pá náà kì í pẹ́ rọ. Lójoojúmọ́ ni Tísà ń gé òmíràn, tó bẹ́ẹ̀ tí igi ìbẹ́pẹ ilé ìwé wa fi dúró bí òpó, láìní ewé kan lórí.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọ̀gá àgbà pè wá jọ ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ìdíje. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ti lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Bí ẹ bá tún bọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́la, báńdì parí. Kí kálukú mú àdá wá lọ́jọ́ Ajé, oko ilé ìwé ti di igbó."

Tísà Onífèrè dáhùn pé, "Ó dáa, ọ̀gá." N kò fojú kan oorun mọ́jú.

Àwọn Ṣájẹ́ńtì kọ́kọ́ jáde. Ẹ ò rí nǹkan! Fèrè ń kọ mànà nínú oòrùn, ẹsẹ̀ ń lọ bákan náà, kódà àwọn adájọ́ mẹ́ta tó wà lábẹ́ ibòji imọ̀ ọ̀pẹ ń mi orí. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé fèrè fún wa. Mo gbé ìlù. Tísà Onífèrè sún mọ́ mi, ó ní, "Ohunkóhun tó wù kó ṣẹlẹ̀, ìwọ má dáwọ́ dúró."

Mo lù ú. A wọ pápá. Àwọn ọmọ mẹ́rin wa, tuntun ni wọ́n lọ́dún náà, gbé fèrè idẹ sẹ́nu fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti dàrú. Ohùn kan ṣoṣo ló wà nínú ọ̀pá ìbẹ́pẹ kan, ṣùgbọ́n ohùn púpọ̀ ló wà nínú idẹ, ètè ló ń yàn án. Ọmọ tó ni dò fọn, sò ló jáde. Ẹni tó ni sò fọn, ohun kan tí kò lórúkọ ló jáde. Èrò bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ bá wọn wá màlúù wọn o, ó ti já!"

Tísà Onífèrè gbọ́wọ́ sókè, àwọn ọmọ dákẹ́. Ó gba àwọn fèrè náà lọ́wọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi ẹ̀wù rẹ̀ nu ẹnu fèrè, ó gbé wọn padà fún Ṣájẹ́ńtì, ó sì tẹríba díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ kúrò ní pápá. Mo rò pé ó ń lọ sílé ni. Èmi nìkan ló kù tó ń dún. Gbì. Gbì. Gbì.

"Bàbá ọlọ́mọ, sọ̀ ọ́ kalẹ̀! Ìyàwó rẹ ti se oúnjẹ tán!"

Ọmọbìnrin Òkè-Àgbò kan ló pariwo bẹ́ẹ̀. Òun ni mo padà fẹ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, bí ilẹ̀ bá lanu ǹ bá wọ̀ ọ́. Apá ń ro mí. Omijé fẹ́ẹ́ bọ́. Mo ń wo àdá ọjọ́ Ajé lójú mi. N kò dáwọ́ dúró.

Ilé ìyá àgbà kan wà létí pápá, igi ìbẹ́pẹ sì wà níwájú rẹ̀. Tísà dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà. A kò gbọ́ ohun tó sọ, ṣùgbọ́n a gbọ́ tí ìyá dáhùn pé, "Ewé lásán? Gé e, ọmọ mi, gé e!" Ó gé mẹ́rin. Ó ń bọ̀ wá pẹ̀lú ọ̀bẹ ìyá náà lọ́wọ́, ó ń fi ìka wọn ọ̀pá, ó ń gé e bó ṣe ń rìn. Kò dán ọ̀kankan wò. Kò fi ẹnu kàn án. Ó kàn ń tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni tí ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀ sí létí, ó sì ń gé. Ó pín wọn fún àwọn ọmọ mẹ́rin náà.

Wọ́n fọn ún. Dò, mí, sò, dò. Ohùn mẹ́rin náà bá ara wọn mu bí ìgbà tí ènìyàn bá ti ilẹ̀kùn tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì dún. Orin náà jáde lẹ́yìn ìlù mi, ó tutù, ó rọlẹ̀, kò jọ ti idẹ rárá. Mo ti dàgbà, mo ti gbọ́ dùùrù ńlá, mo ti gbọ́ orin lóríṣiríṣi. N kò tíì gbọ́ irú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ dìde, ó ṣí fìlà. Bóyá ó mọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀, n kò mọ̀. Mo wo Ṣájẹ́ńtì. Ó ti dúró ṣinṣin, bí ìgbà tí ọ̀gágun bá ń kọjá.

Òdo ni wọ́n fún wa. Òfin ní fèrè idẹ ni kí a fọn, a kò sì fọn ún. A fi ẹsẹ̀ rìn padà sí Atíkòrí.

Lọ́jọ́ Ajé, a mú àdá wá. A tò sórí ìlà pẹ̀lú wọn. Ọ̀gá àgbà ti ń kà wá lọ nígbà tí kẹ̀kẹ́ kan wọlé. Ṣájẹ́ńtì ni, ó di ẹrù kan sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ nínú aṣọ. Ó tú u. Fèrè idẹ méjì.

Ó kí ọ̀gá àgbà, ó ní, "Ọ̀gá, òfin ní kí ẹni tó borí tọ́jú fèrè. Kò ní kó má yá ọ̀rẹ́ rẹ̀." Ó yíjú sí Tísà wa. "Ìwọ ọkùnrin yìí, méjì lọ́dọ̀ rẹ, méjì lọ́dọ̀ mi. Bó bá di sáà tó ń bọ̀, a ó tún un pín, Awà náà yóò sì mú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n wàá kọ́ mi bí o ṣe ń gbọ́ ohùn kó tó dún."

Tísà Onífèrè ní, "Ṣájẹ́ńtì, èmi náà ò mọ̀ ọ́n o."

Ọ̀gá àgbà wo fèrè, ó wò wá. Ó ní, "Àdá wo nìyẹn? Ta ló ní kí ẹ gbé àdá wá sílé ìwé?"

Bí fèrè ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ káàkiri nìyẹn. Lónìí, ilé ìwé tó lówó ní báńdì tó pé, èyí tí kò lówó a fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kọ orin. Wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí pápá náà. Àwọn ọkùnrin méjèèjì ti sùn. Síbẹ̀, títí di òní, bí mo bá dé ibi tí iṣẹ́ ti dàrú, tí gbogbo ènìyàn sì ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ mi kì í dúró. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún tí àìsàn dá ìyàwó mi dúbúlẹ̀. N kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Kí ìyàwó mi tó fi ayé sílẹ̀, ó máa ń sọ fún àwọn ọmọ wa pé àwọn Òkè-Àgbò ló borí. Òótọ́ ni, ó wà nínú ìwé. N kì í bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, nígbà tí àwọn ọmọ ti jáde, ó ní, "Bàbá ọlọ́mọ, mo sunkún lọ́jọ́ yẹn o. Má sọ fún wọn."

N kò sọ fún wọn. Ẹ̀yin ni mo sọ fún yìí.