Dúróríkẹ́ àti Ọjà Ọlọ́jọ́ Márùn-ún

Èmi tí mo ń tún fóònù ṣe ní Ìsẹ́yìn, èmi àti Dúróríkẹ́ la jọ gba ṣọ́ọ̀bù. Òun ní tirẹ̀, kóòdù kọ̀ǹpútà ló ń kọ. Ọmọ ahunṣọ ni, àmọ́ oúnjẹ bàbá rẹ̀ nìkan ló máa ń gbé e dé ìdí òfì. Kọ̀ǹpútà àlòkù ló fi kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́, ó sì lágídí. Bí ètò kan bá kọ̀ fún un, á máa wò ó bí ẹni tó bú ìyá rẹ̀.

Ilé ọkọ rẹ̀ wà ní Ilua. Bàbá Àdìgún, bàbá ọkọ rẹ̀, ni olórí àwọn àgbẹ̀ oníṣu níbẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ná ọjà wọn, àwọn oníbàárà tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá kì í sì í rántí ọjọ́ tó bọ́ sí. Ni Dúróríkẹ́ bá kọ ètò tí yóò máa ka ọjọ́ fúnra rẹ̀, tí yóò sì máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn. Bàbá ló dúró fún un níwájú àwọn àgbẹ̀. Ó ní, "Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá já yín kulẹ̀, èmi ni kẹ́ ẹ bi."

Ọjà kìíní, ní Wẹ́sìdeè, lọ geere. Ọjà kejì bọ́ sí Sọ́ńdè, ètò náà sì pe àwọn oníbàárà fún Mọ́ńdè. Àwọn àgbẹ̀ jókòó ti iṣu wọn títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, wọn ò rí ẹni tó wá nájà. Nígbà tí ọkọ̀ àwọn oníbàárà máa fi dé lọ́jọ́ kejì, ewúrẹ́ nìkan ni wọ́n bá lọ́jà. Ojú ti Bàbá gidigidi, àmọ́ ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún un ní ọjà kan sí i.

Ní Túsìdeè, àtẹ̀jíṣẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ jáde, Dúróríkẹ́ ò sì tíì rí ohun tó ń ṣe ètò náà. Èmi ní aago ni. "Kọ̀ǹpútà tó gbé ètò rẹ dání, òkè òkun ló wà. Aago ibẹ̀ ló ń dà á rú." A tún aago tò sí ti Nàìjíríà. A dán gbogbo kóòdù kéékèèké táwọn ènìyàn fi ń gba ara wọn nímọ̀ràn lórí ayélujára wò, òfo. Ó ní kí ètò náà kọ ọjọ́ tó ń kà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan ká lè rí i. Ó mọ òní, ó mọ àná, síbẹ̀ Fúráìdeè ló ń pè ní ọjà tó ń bọ̀ dípò Tọ́sìdeè.

"Ṣé o ò kàn ní fọwọ́ tẹ ọjọ́ náà ránṣẹ́ ni?" Inú ti ń bí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ọjà tó tẹ̀lé e ńkọ́? Ṣé n ó máa kà á títí n ó fi darúgbó?"

Ibẹ̀ ni Sàrátù tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bá wa, tẹ̀ríntẹ̀rín. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ti bímọ láàárọ̀. "Túsìdeè tó ń bọ̀ la ó sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ ò gbọdọ̀ má wá o!"

"Ọjọ́ kẹjọ gan-an nìyẹn," mo ní.

Dúróríkẹ́ gbójú sókè. "Túsìdeè sí Túsìdeè, méje ni kọ̀ǹpútà á kà. Àwa ń pè é ní mẹ́jọ, torí a ń ka òní mọ́ ọn." Ó fò dìde. "Ẹ̀gbọ́n! Ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún, mẹ́rin ló yẹ kí n fi kún un!"

Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, àpò ṣòkòtò ló wà. Ọjà + 5 ló kọ síbẹ̀, bí gbogbo wa ṣe ń pè é lẹ́nu. Ó sọ ọ́ di ọjà + 4, Tọ́sìdeè sì jáde. Mo pariwo, Sàrátù náà bá wa pariwo láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ara tù mí pẹ̀sẹ̀, àfi bí ẹni sọ ẹrù kalẹ̀.

Ní Tọ́sìdeè, Dúróríkẹ́ ò lè jẹun. Ojú fóònù ló ń wò títí Bàbá fi pè. Ariwo ọkọ̀ ò jẹ́ ká tètè gbọ́ ọ.

"Bàbá, ṣé wọ́n wá?"

"Wọ́n wá. Iṣu ti fẹ́ẹ̀ tán nílẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn oníbàárà ń bi mí pé ta ló ń bá wa ka ọjọ́. Mo ní ọmọ mi ni."