Ibi Tí Ọkọ Mi Kò Kùn

Bí ẹ bá fẹ́ rí alágídí, ẹ wá wo ọkọ mi. Akunlé ni. Bàbá Ọlọ́dà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò sí ọjọ́ tí ọ̀dà kì í wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ilé onílé ló ń kùn, tiwa ń bó. Bí mo bá ráhùn, á ní, "Ìyàwó, fara balẹ̀, ó máa kàn wá."

Àìsàn ló kọ́kọ́ kàn wá. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló dà á láàmú. Bó bá dùbúlẹ̀, èémí rẹ̀ á fẹ́ dá, nítorí náà ó ń jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì tọ̀sántòru, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ọkùnrin tó ń gbé àkàbà lé èjìká kò lè gbé ife omi mọ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mò ń ránṣọ, mò ń sunkún, aṣọ oníbàárà ń mu omi ojú.

Ọlọ́run ò gbàgbé wa. Dókítà ní ewu ti kọjá. Lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ le díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ló béèrè, kò béèrè oúnjẹ.

"Wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni," ó ní. "Èmi ò fẹ́ jalè."

Àwọn aládùúgbò bá wa gbé bẹ́ẹ̀dì jáde kó lè kun yàrá wa. Bó bá kùn díẹ̀, á jókòó, á mí, á tún dìde. Àwọ̀ tó pò dà bí ojú ọ̀run kí oòrùn tó yọ. Mò ń wo ọwọ́ rẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀, inú mi dùn débi pé orin bọ́ sí mi lẹ́nu.

Àfi ibì kan lára ògiri tó dúdú, tó ń dán. Kò kùn ún. Ó ya òdòdó pupa yí i ká bíi férémù fọ́tò.

"Bàbá Ọlọ́dà, ẹ ò rí ibẹ̀ yẹn ni?"

"Mo rí i."

"Ẹ kùn ún, ẹ jọ̀ọ́!"

"Rárá o. Ibẹ̀ gan-an ni ọpẹ́ mi wà."

Ara mi gbóná. Ṣé àìsàn tó fẹ́ sọ mí di opó la wá ń fi òdòdó ṣe lọ́ṣọ̀ọ́? Mo ní bí àbàwọ́n tí orí rẹ̀ fi sílẹ̀ nígbà àìsàn bá ṣì wà lára ògiri, n kò ní sùn nínú yàrá náà mọ́. Mo ká ẹní mi, mo kọrí sí pálọ̀.

"Ta ló sọ fún ẹ pé orí mi ni?" ó ní. "Padà wá, kó o jókòó."

Ó mú mi lọ́wọ́, ó fi mí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, níbi tí mo ti máa ń fẹ̀yìn ti ògiri ṣọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà àìsàn rẹ̀. Orí mi kan ibi tó dúdú náà gẹ́lẹ́. Òróró irun mi ni.

"Tèmi wà lókè," ó ní. "Mo ti kùn ún. Tìẹ ni mo fi sílẹ̀."

Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́! N kò rí ju "Ẹ ṣé" lọ sọ, bíi pé èmi gan-an ni mo ṣàìsàn.