Kaki Bàbá Ògúnyẹmí

Ọkọ̀ panápaná ìjọba kì í tètè ti Ọ̀wọ̀ dé Elegbeka. Nígbà mìíràn, eérú ló máa ń bá. Ìdí nìyí tí àwọn ará Elegbeka, Afo àti Arimogija fi kó ara wọn jọ láti máa pa iná oko fúnra wọn, láìgba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Veronica, tíṣà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wà lára wọn. Agogo iléèwé ló fi ń pè wọ́n jọ, òun náà ló sì ń ṣọ́ okùn.

Okùn náà wà ní orí ọ̀nà oko, láàárín igi máńgòrò méjì. Lásìkò ọyẹ́, ẹni tó bá ń lọ sóko yóò so ìrépé aṣọ ilé rẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá ń bọ̀, yóò tú u. Bí èéfín bá ká èèyàn mọ́ oko, kó jókòó sí abà rẹ̀, kó má baà ṣìnà. Wọn yóò wá mú un. Bí okùn bá sì ṣófo, a jẹ́ pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú igbó. Wọ́n á tanná sí koríko níwájú ìlú, kí iná tiwọn lọ pàdé èyí tó ń bọ̀, kó má rí nǹkan jó mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, èéfín yọ. Veronica lu agogo títí apá fi ń ro ó. Àwọn èèyàn dé pẹ̀lú àdá, ẹ̀ka igi tútù àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín oògùn sí kòkó, tí wọ́n ti rọ omi kún. Dominic, olórí wọn, wo okùn. Kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé ìtùfù wá.

Aṣọ kaki kan wà nínú àpò Veronica.

Bàbá Ògúnyẹmí ló ni ín. Ara aṣọ tó fi ṣiṣẹ́ ìjọba kó tó fẹ̀yìntì ló ti gé e. Bàbá ti dàgbà, ó sì máa ń gbàgbé láti tú u. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Veronica bá a tú u, nígbà tí bàbá ti jókòó sílé tó ń jẹun. Lónìí, bó ṣe ń ti oko ilá rẹ̀ bọ̀, ó tún rí kaki náà níbẹ̀. Ó tú tirẹ̀, ó tú ti bàbá mọ́ ọn. Kò yà wò ó nílé.

Wọ́n ti ń gbọ́ bí ọparun ṣe ń bú nínú iná. Bí wọ́n bá dúró, ilé tó wà lẹ́yìn wọn lè jó. Bóyá bàbá sì ti wà nílé. Ojú ń ti Veronica. Ìtùfù ti kan koríko kó tó lè sọ̀rọ̀.

“Ẹ dúró, Bọ̀dá Dominic. Èmi ni mo tú kaki Bàbá Ògúnyẹmí. N ò mọ̀ bóyá wọ́n ti dé.”

Dominic fi bàtà tẹ iná kékeré náà pa. “Tíṣà, ẹ̀yin tí a ní kẹ́ ẹ máa ṣọ́ okùn?”

Ó rán Ògúnrẹ̀mí, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀, lórí ọ̀kadà lọ wo ilé bàbá. Kó tó padà wá sọ pé àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, Veronica ti wọgbó, ó ń lu agogo lọ. Èéfín ta á lójú. Eérú gbígbóná ń bọ́ sí i lórí. Ó mọ̀ pé etí bàbá ti di, pé agogo náà kò lè ṣe é láǹfààní, síbẹ̀ ó ń lù ú nítorí pé ẹ̀rù ń bà á láti dákẹ́.

Ó bá bàbá níwájú abà, ó ti di ẹrù rẹ̀, ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ń wo iná.

“Mo ti ń retí yín,” ni bàbá wí. “Mo mọ̀ pé ẹ ó rí kaki mi.”

Veronica fà á lọ́wọ́, wọ́n jọ sáré bí ẹsẹ̀ bàbá ṣe lè gbé e tó, ooru iná sì ń lé wọn lẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n dé ìdí okùn, bàbá nawọ́ láti tú aṣọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ bófo. Veronica yọ kaki náà jáde, ó ní òun lòun tú u. Bàbá gba aṣọ náà, ó so ó mọ́ okùn, ó tú u fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà ló kọjá sí ìlú.

Dominic tanná. Veronica gbé agogo sílẹ̀, ó sì mú ẹ̀ka igi tútù kan.