Kẹ̀kẹ́ Àyìnkẹ́ Tí Kì Í Kùn

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ kan ṣe, nítorí ó ti tàn ká Fìdítì. Wọ́n ní oògùn ni Àyìnkẹ́ Fáṣínà fi ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bátìrì ni. Wọ́n tún ní kẹ̀kẹ́ náà kì í jẹ, kì í mu. Ìyẹn náà kò tọ̀nà. Oòrùn ni ó ń jẹ, láti ara sólà tí wọ́n tò sórí òrùlé ilé rẹ̀.

Àyìnkẹ́ ti lé ní ọmọ ogójì ọdún. Ọmọ àgbẹ̀ ọlọ́sàn ni, ẹnu rẹ̀ sì mú. Kẹ̀kẹ́ elépo ni ó fi ń kó ọsàn àti ọlọ́sàn láti Fìdítì lọ sí Akínmọ̀ọ́rìn tẹ́lẹ̀, títí ẹ́ńjìnì rẹ̀ fi kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Àkókò yẹn ni ilé iṣẹ́ kan tí ó ń ṣe ọkọ̀ ń wá awakọ̀ tí yóò bá wọn dán kẹ̀kẹ́ tuntun wò, kẹ̀kẹ́ tí kò ní í rú èéfín rárá. Wọ́n mú Àyìnkẹ́. Àdéhùn wọn kò lọ́jú pọ̀: bí èrò bá ń wọ̀ ọ́, ó di tirẹ̀, bí èrò kò bá wọ̀ ọ́, wọn yóò gbé e fún ẹlòmíràn ní Àwẹ́.

Èrò kò wọ̀ ọ́.

Ẹni tí ó bá ti wọkọ̀ ní gáréèjì wa rí yóò mọ ìdí rẹ̀. Awakọ̀ tí ó fẹ́ gbéra a máa tan ẹ́ńjìnì sílẹ̀. Ìdí ọkọ̀ tí ó ń kùn ni èrò ń sáré lọ. Kẹ̀kẹ́ Àyìnkẹ́ a wà ní títàn, a sì dákẹ́ bí ìyàwó tuntun níwájú ìyá ọkọ. Kẹ̀kẹ́ Ògúnṣọlá, tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ń wúkọ́ bí ẹ̀rọ ìlọta tí ó ti gbó, òun ni ó sì ń kó èrò.

"Ìyá Olúwakẹ́mi, ẹ wọlé, mo ti ń lọ!" ni Àyìnkẹ́ ké.

Ìyá Olúwakẹ́mi, ọlọ́sàn pàtàkì, gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kọjá. "Ìwọ tí o kò tíì tan ọkọ̀? Kí n jókòó síbẹ̀ kí oòrùn máa se ọsàn mi?"

"Mo ti tàn án, mà!"

"Etí mi ni ó di nígbà náà."

Ògúnṣọlá rẹ́rìn-ín. "Àyìnkẹ́, rọra jí i. Bóyá oorun ni ó gbé e lọ."

Nígbà tí Àyìnkẹ́ gbọ́ pé ẹnjiníà ilé iṣẹ́ náà ń bọ̀ lọ́jọ́ ọjà láti wá ka èrò rẹ̀ wò, ó lọ yá jẹnẹrétọ̀ Nasrullah onígbàjámọ̀. Ó so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó fa okùn rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kùn! Àwọn ọlọ́sàn ya wọ̀ ọ́, Ìyá Olúwakẹ́mi ni ó ṣáájú.

Ibẹ̀ ni ẹnjiníà Olúwatóyọ̀sí bá wọn. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe nítorí kí èéfín lè dópin ni èéfín bò mọ́lẹ̀ yìí, tí àwọn ìyá ń wúkọ́ nínú rẹ̀.

"Mà, kí ni èyí?"

"Ariwo ni, sà."

"Èéfín ni mo ń wò!"

"Èéfín kàn bá a wá ni. Ariwo ni mo yá."

"Ẹ pa á, ẹ jọ̀ọ́."

Ó pa á. Kíá ni àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ̀yin ìyá, kò kú o," ni ẹnjiníà ń sọ. "Bí a ṣe ṣe é nìyẹn."

"Ọmọ mi," ni Ìyá Olúwakẹ́mi wí, "ohun tí kò mí, a kì í pè é ní alààyè."

Ẹnjiníà wo àwọn apẹ̀rẹ̀ ọsàn tí ó ń forí lé ọ̀dọ̀ Ògúnṣọlá. Ó wo Àyìnkẹ́, tí ojú rẹ̀ ti ń pọ́n. Ó bá kó ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Àyìnkẹ́ níwájú, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, ó sì la ẹnu: "Gbùrùrùrù! Gbùrùrùrù! Akínmọ̀ọ́rìn, ẹ wọlé!"

Ẹ̀rín pa gáréèjì. Ìyá Olúwakẹ́mi fi ọwọ́ gbá inú mú, ó padà wọlé. "Ẹ jẹ́ ká lọ gbọ́ bí èyí yóò ṣe gun òkè." Àwọn yòókù tẹ̀lé e.

Wọ́n ní ẹnjiníà kùn dé Akínmọ̀ọ́rìn. Àsọdùn ni. Ohùn rẹ̀ ti há kí wọ́n tó jáde ní Fìdítì, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ti ń sáré nígbà náà, ó sì ń sáré dáadáa.

Láti ọjọ́ náà ni èrò ti ń wọ̀ ọ́, kẹ̀kẹ́ náà sì di ti Àyìnkẹ́. Ilé iṣẹ́ náà fi ẹ̀rọ agbóhùnjáde kékeré kan sí abẹ́ rẹ̀, tí yóò máa kùn bí ó bá ti wà ní títàn. Àwọn ọlọ́sàn ni wọ́n yan ohùn náà. Wọ́n kọ èyí tí ó rọra ń dún. Èyí tí ó ń bú ramúramù jù ni wọ́n mú. Ògúnṣọlá ni ó sì kọ́kọ́ lọ fẹjọ́ sun alága gáréèjì pé ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù.