Ẹja Tí Tẹ̀gbọ́n Tàbúrò Jọ Ń Bọ́

Ìyá Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n dáadáa á rò pé torí iṣẹ́ aránṣọ tó ń ṣe ni. Àwọn tó ti gbé aṣọ fún un rí mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Bí o bá sanra láàárín ọjọ́ tó wọn ọ́ àti ọjọ́ tí o wá gbaṣọ, á wo aṣọ, á wo ikùn rẹ, á ní, "Aṣọ ò súnkì o. Ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ ló gbèrú." Síbẹ̀, ojú rírán rẹ̀ tọ́ débi pé àwọn èèyàn a máa gba aṣọ àti èébú pọ̀, wọn a dúpẹ́, wọn a máa lọ.

Ìyá rẹ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ránṣọ. Yàrá kan ni, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ní ẹ̀rọ omi kan tó máa ń sọkún bí wọ́n bá yí i. Apá ọ̀tún ni máṣíìnì Ìyá Abẹ́rẹ́ wà. Apá òsì ni àbúrò rẹ̀ obìnrin, Onídìrí, ti ń dirun, ọmọ ìyá kan náà, ọmọ bàbá kan náà. Láàárín àwọn méjèèjì ni tábìlì kan wà, àpótí gíláàsì tí ìyá wọn fi ń sin ẹja sì wà lórí rẹ̀. Ẹja pupa márùn-ún ni ìyá fi sílẹ̀ kó tó kú. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, ojú kan ló ní. Olójúkan ni ìyá ń pè é, bó bá sì ti gbọ́ ohùn ìyá báyìí, á wá fi ẹnu gún gíláàsì.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyá, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Ohun tó fà á kò pọ̀, àmọ́ ó mú. Ìlú mìíràn ni Ìyá Abẹ́rẹ́ wà ní gbogbo ìgbà tí ìyá fi wà lórí àìsàn. Ó ń fi aṣọ ránṣẹ́, kò fi ara rẹ̀ ránṣẹ́. Onídìrí ló ń fi ṣíbí bọ́ ìyá, òun ló ń yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ padà lórí ibùsùn. Nígbà tó wá di ojú oórì, tí Ìyá Abẹ́rẹ́ ń sunkún, tó ń fi orúnkún gbo ilẹ̀, àbúrò rẹ̀ sọ ọ́ kí gbogbo èèyàn lè gbọ́: "Ẹni tí kò fi ṣíbí kan ṣoṣo sí ìyá lẹ́nu láàyè, òun ni ẹkún rẹ̀ ń di wá létí."

Ìyá Abẹ́rẹ́ dìde, ó gbọn erùpẹ̀ orúnkún rẹ̀, kò sunkún mọ́. Ó fi ọkàn búra pé bí ọ̀rọ̀ kan yóò bá tún wà láàárín àwọn, kì í ṣe ẹnu òun ni yóò ti kọ́kọ́ jáde. Ó kó ẹrù rẹ̀ padà wálé, ó gbé máṣíìnì sí apá ọ̀tún ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó. Ta ni yóò lé e? Ìyá àwọn méjèèjì ló ni ín.

Ẹja ni wọ́n wá ń fi sọ̀rọ̀.

Bí Onídìrí bá wọlé láàárọ̀, á fi àpò kọ́, á tẹ̀ síbi gíláàsì. "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi. Ebi ń pa yín, mo mọ̀. Ṣé ẹni tí kò bọ́ èèyàn ló máa wá rántí bọ́ ẹja?" Á fọ́n oúnjẹ sí wọn.

Ìyá Abẹ́rẹ́ á fi ẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì kó lè pariwo. Òun ti fún wọn ní oúnjẹ látìgbà tó ti ṣílẹ̀kùn, kí ìkejì tó dé. Ṣíbí tí kò fi bọ́ ìyá ló ń wá fi bọ́ ẹja ní àràárọ̀, àmọ́ kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Gbólóhùn kan péré ni ì bá tó: mo ti fún wọn. Ṣùgbọ́n gbólóhùn ò lè rìn kó má débi etí ẹnì kan, etí ẹni náà ni kò fẹ́ kó dé. Á gbé e mì. Bó bá ṣe díẹ̀, òun náà á kọjú sí ẹja: "Ẹ rọra jẹ ẹ́ o. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń po oògùn tó ń na irun ni wọ́n fi mú un."

"Ẹja," Onídìrí á ní, "òórùn òróró máṣíìnì yẹn ò ha ń fún yín lọ́fun?"

Bẹ́ẹ̀ ni omi náà. Àwọn méjèèjì mọ bí ìyá ṣe ń ṣe é. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, á fi rọ́bà fa ìwọ̀nba omi kúrò, kì í fà á tán láé. Kàìnkàìn tó wà nínú ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn, inú omi tó fà jáde yẹn ló ti ń fún un, kì í gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ omi. Omi tuntun tí yóò dà sí i, á ti pọn ọ́n sínú korobá láti ọjọ́ tó ṣáájú, á ṣí i sílẹ̀ kí oògùn tí wọ́n ń dà sómi ẹ̀rọ lè fò lọ. Bí ọmọdé bá ní kó kúkú da gbogbo rẹ̀ nù kí ó lè mọ́ rekete, á ní, "Omi àtijọ́ yẹn ni ilé wọn. Ṣé torí pé èèyàn fẹ́ gbálẹ̀ ni yóò ṣe wó ilé lórí onílé?"

Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni bí ẹni méjì ṣe lè ṣe é láìsọ fún ara wọn. Ẹ̀gbọ́n ra korobá aláwọ̀ búlúù, ó ń pààrọ̀ omi láàárọ̀. Àbúrò ra pupa, ó ń pààrọ̀ tiẹ̀ bó bá fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù. Oúnjẹ di ìlọ́po méjì, ó ń rà sáàárín òkúta wẹẹrẹ tó wà nísàlẹ̀ omi. Omi ò sì dúró pẹ́ débi tí yóò fi di ilé ẹnikẹ́ni. Ẹja kan léfòó. Kò pẹ́, èkejì tẹ̀ lé e. Bí ọ̀kan bá ti kú ni kálukú ń fi kún ìtọ́jú rẹ̀, kí ó lè hàn pé ọwọ́ ìkejì ló ń pa wọ́n.

Ìyàwó oníbúrẹ́dì, tó máa ń dirun lọ́dọ̀ àbúrò tó sì máa ń ránṣọ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, là á mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ kan pẹ̀lú òòyà lórí.

"Ẹja yín yìí mà ń jẹun ju ọkọ mi lọ. Láàárọ̀ tí mo wá gba ṣòkòtò, Ìyá Abẹ́rẹ́ fún wọn. Ìwọ náà tún ń fún wọn."

"Ìyá Abẹ́rẹ́ fún wọn kẹ̀?" Onídìrí fa irun rẹ̀ débi tí obìnrin náà fi pa ojú dé. "Ojú yín ló ṣì, màmá. Ó ń nu gíláàsì kí ẹ lè rí i ni. Ó mọ ìgbà tí èèyàn ń wo òun."

Ìyá Abẹ́rẹ́ gbọ́. Ó wà níbẹ̀, bọ́tìnnì lẹ́nu, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ibi tó ti yẹ kó sọ ọ́ nìyẹn. Ó tu bọ́tìnnì sọ́wọ́, ó rán an mọ́ aṣọ, ó já òwú.

Nígbà tó wá ku Olójúkan nìkan, kò wá sí gíláàsì mọ́. Òkè omi ló ń wà, tó ń gbé ẹnu sókè bí ẹni tó ń tọrọ nǹkan. Ìyá Abẹ́rẹ́ kì í lè wò ó pẹ́. Bí ìyá ṣe ń mí nígbẹ̀yìn nìyẹn, àwọn tó wà níbẹ̀ ló sọ fún un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bẹ́, ó lọ sẹ́yìn láti fún aṣọ tó rẹ sómi, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kọ korobá pupa. Omi tí àbúrò rẹ̀ ti pọn láti àná dà nù tán sí kòtò. Ó wẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó rí i. Bí yóò bá sọ ọ́ fún àbúrò rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò ti kọ́kọ́ jáde. Ó gbé korobá sábẹ́ ẹ̀rọ, ó pọn ọ́n kún títí débi tó wà tẹ́lẹ̀, ó sì nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí oòrùn rọ̀, ó palẹ̀ mọ́, ó lọ sílé láìkí ẹnikẹ́ni gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

Kò tíì kọjá ilé oníbúrẹ́dì tí ọ̀rọ̀ náà fi dé bá a. Omi ẹ̀rọ gidi ló wà nínú korobá yẹn, oògùn rẹ̀ ò tíì fò. Àbúrò òun máa dà á lé Olójúkan lórí báyìí, bó bá ti tú irun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Ẹja tó ti ń mí lókè omi tẹ́lẹ̀.

Ó dúró. Ká má purọ́, nǹkan kan nínú rẹ̀ ní kó máa lọ. Ọwọ́ tó da omi ni ẹja yóò kú sí. Ní ọ̀la, gbogbo àdúgbò yóò mọ ẹni tó pa ẹja ìyá, ẹni tó ní òun nìkan ló mọ ìyá tọ́jú. Ó rìn síwájú díẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà, ó sì dùn mọ́ ọn. Ó tún rìn díẹ̀ sí i, adùn náà tán, ó ku kíkan. Ó yí padà. Kì í ṣe ẹni tó ń sáré, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dun ún, àmọ́ ìyàwó oníbúrẹ́dì tó wà lẹ́nu ọ̀nà sọ lẹ́yìn náà pé òun rò pé ilé ń jó ni.

Onídìrí ti gbé korobá pupa lé ètí gíláàsì.

"Má dà á."

Àbúrò rẹ̀ wẹ̀yìn, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo òkè, bí ẹni pé ògiri ló sọ̀rọ̀. "Ta lẹ ń bá wí?"

"Ìwọ. Àbí ẹja ló gbé korobá?"

"Omi mi ni. Àná ni mo ti pọn ọ́n."

"Mo ti fẹsẹ̀ da ti àná nù. Ọ̀sán yìí ni mo pọn èyí."

Onídìrí sọ korobá kalẹ̀, omi ta sí i lẹ́sẹ̀. "Ẹ dà á nù, ẹ sì dákẹ́."

"Mo dákẹ́."

"Ẹ fẹ́ kí n pa á."

"Bí mo bá fẹ́ kí o pa á, ilé ni ǹ bá wà."

"Oúnjẹ ńkọ́? Òótọ́ ni ìyàwó oníbúrẹ́dì sọ?"

"Ní àràárọ̀. Kí o tó dé."

"Ẹ sì ń gbọ́ mi tí mò ń fún wọn."

"Mò ń gbọ́ ọ. Ìwọ náà gbọ́ ìyàwó oníbúrẹ́dì, o ní ojú rẹ̀ ló ṣì."

Àbúrò ló tún la ẹnu, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Mi ò ní kó ọ̀rọ̀ tí mo sọ lójú oórì jẹ o. Mi ò ní kúnlẹ̀ fún yín."

"Ta ló bẹ̀ ọ́? Èmi náà ò ní dárí rẹ̀ jì ọ́."

"Ẹ má dárí jì mí. Ẹ ṣáà máa sọ fún mi bí ẹ bá ti fún un lóúnjẹ."

Ìyá Abẹ́rẹ́ ronú sí i, bí ẹni tí oníbàárà ń bá dúnàádúrà. Ó mú korobá pupa, ó gbé e padà sẹ́yìn, ó sì ṣí i sílẹ̀ kó dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó so àgékù aṣọ funfun mọ́ etí rẹ̀. Korobá tó bá ti ní aṣọ létí, omi rẹ̀ ló kàn.

Wọn ò fún ẹja náà ní nǹkan kan títí òkúta wẹẹrẹ fi mọ́, wọn ò sì fọwọ́ kan omi rẹ̀. Olójúkan sọ̀ kalẹ̀ láti òkè omi díẹ̀díẹ̀. Kò sanra mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó ń wẹ̀.

Wọn ò tíì máa kíra wọn títí di òní. Wọn kì í jọ jẹun, wọn kì í béèrè ọmọ ara wọn. Bí Onídìrí bá wọlé láàárọ̀, tó fi àpò kọ́, Ìyá Abẹ́rẹ́ kì í gbójú kúrò lórí máṣíìnì.

"Mo ti fún un."

"Mo ti gbọ́."

Gbogbo rẹ̀ nìyẹn fún ọjọ́ náà. Láìpẹ́ yìí ṣá, bí Ìyá Abẹ́rẹ́ ti sọ tirẹ̀ tán, Olójúkan wá fi ẹnu gún gíláàsì ní apá ọ̀tún, ó dúró síbẹ̀. Ìyá Abẹ́rẹ́ yọ awò ojú rẹ̀, ó wò ó.

"Ẹja," Onídìrí ní láti apá òsì, òòyà lọ́wọ́ rẹ̀, "má jẹ́ kí wọ́n tàn ọ́ o. Ohùn ìyá kọ́ nìyẹn."

"Ẹja," Ìyá Abẹ́rẹ́ ní, "o mọ̀."